Atukọ̀ Strahil Kò Kú

Genoveva ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, Veva ni gbogbo ìlú Tutrakan, létí odò Dunav, ń pè é. Orí kunkun ni wọ́n bí i mọ́. Bí Veva bá ti fàáké kọ́rí báyìí, kí oníkálukú máa bá tiẹ̀ lọ ló kù. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbiná nínú eré tẹlifíṣàn Etí Odò, tí ìdajì ìlú ń nu omijé nítorí pé atukọ̀ Strahil ti bá ọkọ̀ náà rì, Veva tu èèpo kóró òdòdó oòrùn jáde lẹ́nu, ó ní, "Kò kú."

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé wọn kò fi òkú hàn. Àwọn tó fẹ́ràn eré tẹlifíṣàn bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ ní òfin tiwọn: bí wọn kò bá fi òkú hàn ọ́, má sunkún. Iná lè jó, ọkọ̀ lè rì, ìyàwó lè máa ké létí odò títí ohùn rẹ̀ á fi ha, òfo ni gbogbo rẹ̀. Òṣèré ló ń bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ óò rí i tó ń wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n.

Milkana ló jókòó tì í lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lọ́jọ́ náà, bó ṣe máa ń jókòó tì í ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ lọ. Milkana ti di olùkọ́ èdè níbẹ̀ báyìí, bírò pupa kì í sì í tán nínú báàgì rẹ̀. Kò bá wọn sunkún Strahil. Ó kàn dìde, ó lọ sí ilé ìdáná Veva, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́.

"Wọn kò rí òkú rẹ̀," ló sọ, tó kọ ẹ̀yìn sí yàrá.

"Wọn kò rí i."

"Ó túmọ̀ sí pé kò kú."

"Kò kú, Milkana. Fi abọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ má baà máa rò pé eré lásán ló ń dun Milkana. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni Radostin, ọkọ rẹ̀, gbé ọkọ̀ ẹja rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo odò Dunav. Ọkọ̀ nìkan ni odò dá padà. Wọ́n wá a títí dé Silistra, àwọn ará òdìkejì, àwọn ará Romania, náà bá wọn wá a, kò sí. Ní Tutrakan, bí èèyàn bá kú, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ìkéde, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, mọ́ igi, mọ́ òpó iná, mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá pé ogójì ọjọ́, wọ́n á lẹ òmíràn. Bó bá pé ọdún, òmíràn. Kò sí ilẹ̀kùn tí kò ní òkú tirẹ̀ lára. Ti Milkana nìkan ló mọ́ fónífóní. Kò wọ dúdú, kò se àlìkámà tí wọ́n fi ń rántí òkú. Àgádágodo ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, kò ṣeé tì dáadáa mọ́, kò gbà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé èyí tó ti bàjẹ́ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ Radostin lè ṣí. Bó bá ti di àṣálẹ́, á fa àga kan tì í lẹ́yìn.

Veva ló sì ń tẹ àwọn ìwé òkú náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ibùdókọ̀: ó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, ó ń ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, ó ń tẹ ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń tẹ òkú. Òkú gbogbo ìlú ló gba abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá, àfi ti ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà jóná ni Veva pinnu pé òun á mú Strahil wálé. Bí àwọn tó ni eré kò bá mú un wá, òun á fọwọ́ ara òun kọ ọ́. Ojú ewé kan wà lórí ayélujára tí àwọn tó fẹ́ràn eré ti máa ń kọ ìtàn àfikún sí i, ibẹ̀ ni Veva gbé tirẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ kò mọ adùn tí ẹ pàdánù. Á máa ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ fún oníbàárà, Strahil á máa sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà máa ń húkọ́ kó tó parọ́. Ó mọ ọwọ́ tó fi ń gbé ife. Àwọn tó ni eré kò rántí pé ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní apá kìíní, Veva rántí, ó wá a rí, ó sì fún un ní ọkọ. Ara rẹ̀ á yá gágá débi pé á gbàgbé láti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Nínú ìtàn tirẹ̀, Strahil lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, iyè rẹ̀ sì sọnù, kò rántí ẹni tó jẹ́ mọ́. Ẹ má fi Veva ṣe yẹ̀yẹ́. Eré tí iyè ẹnikẹ́ni kò bá sọnù nínú rẹ̀ kò tíì di eré. Àwọn obìnrin láti Vidin dé Silistra ń kà á. Àwọn tó lọ ń tọ́jú arúgbó ní Spain ń kà á nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ìyàwó Strahil ni wọ́n ń pe ara wọn, wọn kò sì jowú ara wọn. Veva búra fún wọn ní gbangba: "Mo fi orí ìyá mi búra, Strahil yóò kan ilẹ̀kùn Kalina ìyàwó rẹ̀ kí ìtàn yìí tó parí."

Ṣùgbọ́n kò sí orí ìtàn kan tó jáde tí Milkana kò kọ́kọ́ kà. Veva á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, Milkana á fi bírò pupa lọ̀ ọ́ kúnná.

"Strahil kì í sọ pé 'jọ̀wọ́'. Pa á rẹ́."

"Ó lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbí?"

"Ìwọ gan-an sọ ọ́ rí? Pa á rẹ́."

Lópin gbogbo orí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ síbẹ̀: Má tíì mú un wálé. Veva rò pé ọgbọ́n ìtàn ni, pé ọ̀rẹ́ òun fẹ́ kí ó dùn sí i. Ó bá ń sún un síwájú. Strahil dé Galați, ó dé Constanța, wọ́n tì í mọ́lé, ó sá jáde, iyè rẹ̀ padà, ó di èrò Istanbul. Àwọn Ìyàwó Strahil bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan béèrè bóyá ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà fi ń rìn.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Ọjọ́ Àbámẹ́ta àwọn òkú pé, ọjọ́ tí gbogbo ìdílé máa ń gbé àlìkámà sísè àti wáìnì lọ sí itẹ́ òkú, Ìyá Tsona wọ ṣọ́ọ̀bù. Òun ni ìyá Radostin, ìyakọ Milkana. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ kò sì ga jù ú lọ àfi nígbà tó bá ń bínú.

"Ẹ káàsán, Ìyá Tsona. Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Tẹ ìwé ọmọ mi fún mi."

"Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ló ń mú ìwé wá, Ìyá. Lọ́dún tó kọjá náà, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín."

"Ìyàwó tí ìwọ fi ìtàn dì lójú?" Ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ. "Ó gbé ọbẹ̀ ẹja wá fún mi lánàá. Mo ní, kí ni ìròyìn? Ó ní, 'Ó ti dé Istanbul o, Ìyá, kò ní pẹ́ dé.' Mo ní, ta ni? Ó wò mí títí, ó ní, 'Strahil.' Ìwọ ọmọ yìí, ojú tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ojú eré."

Veva na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà.

"Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ni Ìyá Tsona ń bá a lọ, "gbogbo obìnrin tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ ibi tó máa gbé àbẹ́là rẹ̀ sí. Òkè ni ti alààyè, ìsàlẹ̀ nínú yanrìn ni ti òkú. Èmi á dúró láàárín títí àbẹ́là á fi jó mi lọ́wọ́. Bí mo bá gbé e sókè, mò ń purọ́ fún Ọlọ́run. Bí mo bá gbé e sísàlẹ̀, mo ti fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Veva ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe. Ojú tì í, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀. Òun tó rò pé òun ń tu ọ̀rẹ́ òun nínú, àṣé ilẹ̀kùn lòun ń bá a ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ó dára. Bó bá jẹ́ ìtàn òun ló so Milkana mọ́lẹ̀, òun náà ló máa tú u. Strahil á wálé lọ́sẹ̀ yìí, á kan ilẹ̀kùn, Kalina á ṣí i, ó parí. Ẹ ò rí i pé obìnrin yìí kò tíì gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí Ìyá Tsona sọ. Ohun tí orí kunkun máa ń ṣe fún èèyàn nìyẹn.

Ó jókòó, ó kọ ọ́. Strahil dé ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pèsì jẹ. Kí ni èèyàn máa ń sọ? Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti kó ìwé náà, ó gba ilé Milkana lọ. Milkana jókòó sórí àga ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn gan-an, ó yọ bírò pupa.

"'Kalina, mo sọnù ni,'" ló kà sókè. Ó fa ìlà pupa. "Ọkùnrin tó mọ Dunav bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀?"

"Máa kà á lọ."

"'Ara mi ni kò yá.'" Ìlà pupa. "Fún gbogbo ọdún yìí? 'Wọ́n tì mí mọ́lé.' Ìwọ lo yọ ọ́ jáde ní Constanța. Ṣé kò sí tẹlifóònù ní Istanbul ni?"

"Iyè rẹ̀ ti sọnù, Milkana."

"Iyè rẹ̀ ti padà, ìwọ lo kọ ọ́. Ó rántí orin tí Kalina máa ń kọ nídìí ààrò, ó wá gbàgbé ọ̀nà ilé?" Bírò náà ń lọ, ó ń bọ̀, ìwé náà ti pupa tán. "Rárá o. Radostin kò lè ṣe báyẹn."

Lóde, ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri.

"Strahil lo fẹ́ sọ," ni Veva wí.

"Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ." Milkana dé bírò rẹ̀. Ohùn tó fi ń kọ́ ọmọ ló fi sọ̀rọ̀. "Bó bá wà láàyè tí kò wálé, èèyàn burúkú ni. Mo ti wá gbogbo àwáwí tó lè mú un dúró, mo tiẹ̀ ní kí ìwọ náà bá mi wá a, ìwọ tó mọ àwáwí ṣe jù lọ ní gbogbo etí odò yìí. Kò sí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sọ ọkọ mi di èèyàn burúkú, kí n má baà sọ ọ́ di òkú. Èèyàn burúkú kọ́ ni mo fẹ́, Veva. Tó bá lè rákò, ìbá ti rákò wálé."

Veva bú sẹ́kún. Òun ló sunkún, kì í ṣe opó.

"Pa á," ni Milkana sọ.

"Láéláé. Mo ti búra fún wọn. Orí ìyá mi ni mo fi búra."

"Ìyá rẹ á dárí jì ọ́. Òun náà kò fẹ́ràn Strahil, ó ní imú rẹ̀ ti gùn jù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ká ìwé náà lé e lọ́wọ́. "Mo fẹ́ rí bí Kalina ṣe máa ṣe é. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ ọ́ fún mi."

Veva padà sílé, ó ń kùn lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n di gbèsè ẹlòmíràn lé lórí. Òun kọ́ ló ń pààyàn nínú ìtàn, òun ló ń jí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Apẹja ará òdìkejì kan fa àwọ̀n, ẹ̀wù Strahil sì bá a jáde, ẹ̀wù tí Kalina fọwọ́ rán bọ́tìnnì aláwọ̀ mìíràn mọ́. Kalina kò dákú. Ó se àlìkámà, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun kí ó gbẹ, ó bu ṣúgà sí i. Ó jókòó, ó kọ ìkéde ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìkéde náà ni Veva kọ pátá, ta ló tún mọ̀ ọ́n kọ jù ú lọ?

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Ìròyìn ti jáde: òṣèré tó ń ṣe Strahil ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ rẹ́, Strahil ń padà bọ̀ nínú apá tuntun. Ó yè, òkúta kan ló dì mú lábẹ́ afárá! Àwọn Ìyàwó Strahil ń yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀. Wòlíì ni wọ́n ń pe Veva. Ọ̀kan ní kó yára gbé orí tí ọkùnrin náà ti wálé jáde nírọ̀lẹ́ yẹn, kí gbogbo wọn lè jọ kà á.

Òótọ́ ni Veva sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé sì ti jẹ́rìí sí i. Èèyàn mélòó ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí? Ó wo òkú tó wà níwájú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá gbé e jáde, ìyà ọ̀rọ̀ ló máa jẹ. Bí kò bá gbé e jáde, Milkana á tún fa àga ti ilẹ̀kùn lálẹ́ yìí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí àwọn tó ni tẹlifíṣàn máa ṣe tiwọn. Ó tẹ bọ́tìnnì, orí náà jáde lọ.

Èébú tí wọ́n bú u, n kò ní tún un sọ. Apànìyàn ni èyí tó rọrùn jù níbẹ̀. Ẹnì kan láti Spain kọ̀wé pé: "Mo kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹkún kò jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti kọjá ibi tí mò ń lọ. Mi ò ní dárí jì ọ́. Ṣé Kalina á lè sùn báyìí?"

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, Milkana ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó fún un díẹ̀ lápá. Ó mú fọ́tò kan dání: Radostin gbé ẹja àborí kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo gbọ́ pé Strahil wà láàyè lórí tẹlifíṣàn," ló sọ.

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa fún un." Ó gbé fọ́tò náà sílẹ̀. "Ìkéde tí Kalina kọ yẹn ni mo fẹ́. Pààrọ̀ orúkọ."

Veva kò sọ pé èébú náà dun òun. Ó ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ gé ẹja náà kúrò nínú fọ́tò, nítorí pé wọn kì í fi ẹja sórí ìwé òkú, Milkana ní kó fi í sílẹ̀, pé Radostin kò ní gbà. Veva tẹ ẹyọ kan jáde kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: Pẹ̀lú ìrora ọkàn ni a fi ń kéde pé Radostin, ọkọ àti ọmọ wa ọ̀wọ́n, fi wá sílẹ̀ lójijì. Odò tó fẹ́ràn ló mú un lọ. Ọ̀nà ilé kò tí ì dí mọ́ ọn rí, òun ni kò lè wá.

Milkana kà á lórí ìdúró. Ó yọ bírò pupa nínú báàgì rẹ̀, ó sì fa ìlà sórí "lójijì".

"Ọdún mẹ́rin kì í ṣe òjijì," ló sọ. "Ìyókù dára."

Ìgbà tí wọ́n dé ilé Milkana, Ìyá Tsona ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àbẹ́là wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tàn án. Ó rí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì wo ẹja náà. Milkana fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun ìwé náà títí ó fi lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó gbé àga ẹ̀yìn ilẹ̀kùn jáde, ó fi ìyakọ rẹ̀ jókòó sórí rẹ̀, wọ́n sì ń retí àwọn aládùúgbò tó máa wá bá wọn kẹ́dùn.